Póò Àdùkẹ́ àti Ohun tí A Bi Dókítà

Ní Ìbàdàn níbí, bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́ta tí kò tíì mọ póò í jókòó lé, gbogbo ayé ni yóò máa gba ìyá rẹ̀ nímọ̀ràn. Ìyá ọlọ́sàn ẹnu ọ̀nà á sọ tiẹ̀, ìyàwó pásítọ̀ á sọ tiẹ̀, ìyá ọkọ á sọ tiẹ̀ tàṣẹtàṣẹ. Ìyẹn ò dùn mí, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá ara wa tọ́mọ. Ibi tọ́rọ̀ ti le ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ póò bá di ọ̀rọ̀ dókítà. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ èmi àti ọkọ mi, a kì í bi dókítà ní "kí ló dé". Dókítà á kọ oògùn, ẹ ó gbà á, ẹ ó ní ẹ ṣeun sà, ẹ ó máa lọ sílé. Ọmọ wa àkọ́bí, tí mo máa pè ní Àdùkẹ́ níbí, ló mú wa la ẹnu wa.

Ọ̀rọ̀ ìgbà tó yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ilé wa. Àdùkẹ́ ò tíì ju ọmọ oṣù mélòó kan lọ tí ìyá ọkọ mi, Màmá Àgbà, ti ń gbé e tọ̀ lórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, wọ́n á gbé ọmọ lé ọrùn ẹsẹ̀ kí ìdí rẹ̀ lè bọ́ sí àlàfo àárín, wọ́n á wá máa fi eyín ṣe "ṣííí". Bó bá pẹ́ díẹ̀, ọmọ á tọ̀. Láàárọ̀, tó bá ti mu ọmú tán, ó sábà máa ń yàgbẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà ilé ìwòsàn àdáni tó wà ládùúgbò wa gbọ́, ó bínú. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún méjì àbọ̀, pé ohun tí àwọn ìyá àgbà ń ṣe yẹn máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Màmá Àgbà gbọ́, àwọn náà bínú. Ẹsẹ̀ yẹn náà ni wọ́n fi tọ́ ọkọ mi àti gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Èmi ni mo lọ jókòó ti íntánẹ́ẹ̀tì láti mọ ẹni tó tọ̀nà. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé àwọn oníṣègùn fúnra wọn ti yí ohùn padà lórí ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 1932, ìwé pélébé tí ìjọba Amẹ́ríkà ń tẹ̀ fún àwọn ìyá ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, kó sì ti mọ́ ọn lára kó tó kọjá oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó di 1962, Brazelton, dókítà àwọn ọmọdé ní Massachusetts, tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí ọmọ 1,170 jáde. Òun ní kí òbí dúró di ìgbà tí ọmọ bá fi hàn fúnra rẹ̀ pé òun ti ṣe tán, kí wọ́n má fipá mú un. Oṣù 28 àbọ̀ ni ìpíndọ́gba ọjọ́ orí tí àwọn ọmọ náà fi mọ bí a ṣe ń lo póò lọ́sàn-án. Pampers ti dé ọjà nígbà náà, 1961 ni wọ́n gbé e jáde. Ní 1998, Brazelton kan náà bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nínú ìpolówó Pampers nọ́ńbà 6, èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ tó ti tóbi. Mi ò fi ìyẹn sọ pé irọ́ ni ìwádìí rẹ̀, torí ọdún 36 ló wà láàárín méjèèjì, mo sì di ìmọ̀ràn "ẹ má fipá mú un" yẹn mú títí dòní. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ibi tó dúró sí kí n tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti àwọn Digo, ẹ̀yà kan létí òkun Kẹ́ńyà. Ní 1977, àwọn olùwádìí méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ deVries kọ nípa wọn nínú Pediatrics, ìwé àwọn dókítà ọmọdé kan náà tí Brazelton ti tẹ tirẹ̀ jáde. Wọ́n ní láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbí ni àwọn ìyá Digo ti ń bẹ̀rẹ̀, pé bí ọmọ bá fi máa di nǹkan bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, ó ti ń mọ̀ ọ́n dé àyè kan. Ìyá á jókòó sílẹ̀, á na ẹsẹ̀, á gbé ọmọ sáàárín, á máa fẹnu ṣe ìró kan. Mo kà á sétí Màmá Àgbà. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Ta ló wá kọ́ wọn ní Kẹ́ńyà?"

Nítorí náà a ò fi ti ẹnikẹ́ni ṣòfò. Màmá Àgbà ń gbé e tọ̀ láàárọ̀ níwọ̀n ìgbà tí ọmọ ò bá ti sunkún. Nígbà tó ń sún mọ́ ọdún méjì, a ra póò oníke kan, a gbé e sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, a ò sì fi ẹ̀gba lé ẹnikẹ́ni lọ sídìí ẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà tó pé ọdún méjì tó fi ń sáré wá sọ fún wa pé òun fẹ́ tọ̀. Ní ọ̀sán, páńpásì ti kúrò nídìí rẹ̀.

Ibà kan ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ mélòó kan, kò jẹun, kò mu omi, mílíìkì nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ wa. Nígbà tí ara rẹ̀ wálẹ̀ tó fẹ́ yàgbẹ́, ìgbẹ́ náà ti gbẹ, ó le, ó ya á nídìí, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín sì hàn lórí bébà. Igbe tó ké lọ́jọ́ yẹn, aládùúgbò gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà ló ti kọ póò. Bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n, á sá lọ sẹ́yìn kọ́tìnì pálọ̀, á di apá àga mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, á dìde dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, á fi itan kan lé èkejì, òógùn á sì máa yọ lórí imú rẹ̀. Ẹni tó bá rí i á rò pé ó ń gbin kí ìgbẹ́ lè jáde ni. Àṣé ó ń dá a dúró ni.

Lẹ́yìn èyí ni pátá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní àbàwọ́n. Omi ìgbẹ́ díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, tí òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀ pé ó ti jáde. Ìtọ̀ náà tún padà, ọmọ tó ti ń sọ fún wa wá ń tọ̀ sára lórí ìjókòó. Àǹtí rẹ̀ nílé ìwé jẹ́léósinmi ní kí a tún máa fi páńpásì sí i nídìí, àbí kí a mú un sílé ná.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àdáni yẹn. Wọ́n kọ́kọ́ ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Widal gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ilẹ̀ wa mọ orin yẹn. Widal kan ṣoṣo kò tó láti fi dá táífọ́ọ̀dù mọ̀ níbi tí àìsàn náà ti wọ́pọ̀ báyìí, torí ara ẹni tó ti bá kòkòrò náà pàdé rí lè dáhùn bẹ́ẹ̀. A lo oògùn. Pátá ò yí padà. A padà lọ, wọ́n ní kòkòrò wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ nìyẹn, wọ́n kọ àǹtíbáyọ́tíìkì. Wọn ò gba ìtọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́. Oògùn náà mú inú rẹ̀ ṣí, ó yàgbẹ́ omi, gbogbo wa rò pé ìṣòro ti tán. Bí oògùn ṣe parí báyìí ni àbàwọ́n tún dé. Wọ́n kọ òmíràn tó lágbára jù ú lọ. Nígbà tí ìyẹn náà kò ṣiṣẹ́, dókítà wo ikùn mi, torí mo ti lóyún èkejì nígbà náà, ó ní owú ló ń jẹ ọmọ, pé aláìgbọràn ni, kí a nà án díẹ̀.

Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ rí nínú ìtọ̀ rẹ̀ tẹ́ ẹ fi kọ oògùn méjì yẹn?" Inú dókítà ò dùn. Ó béèrè lọ́wọ́ wa pé ta ló lọ sílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn nínú àwa àti òun.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀, mi ò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ burúkú sí i. Àwọn dókítà wa kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ ti kó lọ sí ìlú òyìnbó, ẹni tó kù ń wo àìmọye aláìsàn lójúmọ́. Síbẹ̀, ìbéèrè ọkọ mi tọ́ kó ní ìdáhùn. Kì í ṣe ìmọ̀ dókítà ló ń bá jà. Ó fẹ́ mọ ohun tó rí ni. Ẹni tó bá rí nǹkan lè sọ ọ́.

Ká má tíì dé ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn, ìmọ̀ràn mìíràn ti ń wọlé. Ìyá alágbo kan ní Mókọ́lá ní jẹ́díjẹ́dí ni, ó bu àgbo sínú ike fún wa. Ẹlòmíràn ní kí a gbẹ́ ọṣẹ tín-ín-rín kí a tì í bọ̀ ọ́ nídìí. A bi àwọn náà ní irú ohun tí a bi dókítà. Kí ló wà nínú àgbo yìí? Ṣíbí mélòó ni ọmọ tó wúwo tó báyìí lè mu? Kí la máa rí bó bá pọ̀ jù fún un? Ìyá alágbo ní, "Ẹ ṣáà máa fún un, ewé ni, kò lè ṣe nǹkan kan." A dúpẹ́, a ò fún un. Síróòpù tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ pàápàá, a kì í fojú fo nọ́ńbà NAFDAC ara rẹ̀. Ní ìparí 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, síróòpù eyín kan tí májèlé tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol wọ inú rẹ̀ pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Àwọn ìyá tó lò ó fọkàn tán ohun tí wọ́n rà. Èmi ò lè gbàgbé wọn.

Ọkọ mi wá ra ìwé kékeré kan, ó so bírò mọ́ ọn, ó gbé e sórí fìríìjì. Gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìdí Àdùkẹ́ la ń kọ sínú rẹ̀: ìgbà tó tọ̀, ìgbà tó yàgbẹ́, bó ṣe le tàbí bó ṣe rọ̀, ìgbà tó sá lọ sẹ́yìn kọ́tìnì, ohun tó jẹ, ohun tó mu. A tún ń fi fóònù ya àwòrán pátá àti ìgbẹ́ náà. Ojú lè máa ti ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé kan nílé ìwòsàn ńlá, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, àwọn fúnra wọn ló ní, "Ìyá Àdùkẹ́, ẹ fún mi ní ìwé yẹn." Wọ́n kà á láti òkè dé ilẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ.

Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí yà mí lẹ́nu: "Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bí i, ìgbà wo ló kọ́kọ́ ya ìgbẹ́ dúdú yẹn?" Mo ní ọjọ́ tí a bí i gan-an ni. Wọ́n ní ó dára. Wọ́n ṣàlàyé pé ọmọ tí kò bá yà á láàárín wákàtí 48, ó ṣeé ṣe kó ní àrùn Hirschsprung, níbi tí apá kan nínú ìfun kò ti ní iṣan ìmọ̀lára tó ń mú un ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ló ń yanjú rẹ̀. Wọ́n wo egungun ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní kó rìn, wọ́n wo ìdí rẹ̀ láti òde láìki ìka bọ̀ ọ́. Wọ́n wá tẹ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n sì ní kí èmi náà mú ọwọ́ wá. Ní ìsàlẹ̀ ikùn, lápá òsì, mo kan ohun kan tó yí bìrìkìtì, tó le bí àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n. Ìgbẹ́ ni.

Báyìí ni wọ́n ṣe là á yé wa. Ọmọ tí ìgbẹ́ ti dùn nídìí rí á máa dá a dúró. Èyí tó dá dúró á máa gbẹ sí i, á máa tóbi sí i, nígbà tó bá sì jàjà jáde, á tún dùn ún, ẹ̀rù á sì pọ̀ sí i. Bó bá pẹ́, ìsàlẹ̀ ìfun á fẹ̀, kò ní máa mọ̀ ọ́n lára mọ́ pé ó kún. Ìgbẹ́ tuntun tó ṣì rọ̀ á máa gba ẹ̀gbẹ́ èyí tó ti le kọjá, á máa jò sí pátá. Ohun tí a ń pè ní ìgbẹ́ gbuuru gan-an, ìgbẹ́ líle ló ń fà á. Òkìtì yẹn náà ló ń ti àpò ìtọ̀, ló fi ń tọ̀ sára. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí kò ṣàìgbọràn sí yín rárá. Kò mọ̀ pé ó ń jáde ni." Ọkọ mi gbé Àdùkẹ́ sórí itan rẹ̀, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́ títí tí a fi kúrò níbẹ̀.

Wọ́n tún gba ìtọ̀ rẹ̀ lọ́nà tó yẹ: a nu ìdí rẹ̀ mọ́, a fún un lómi mu, èmi di abọ́ kékeré tí kò ní kòkòrò mú, mo jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ kọjá kí n tó gba ti àárín. Wọ́n gbìn ín ní yàrá àyẹ̀wò láti wò ó bóyá kòkòrò á hù. Nígbà tí èsì jáde, kòkòrò kankan kò hù níbẹ̀.

Síróòpù lactulose, èyí tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, ni wọ́n kọ fún un, púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kí inú rẹ̀ lè ṣófo, kí a tó wá dín in kù sí ìwọ̀n tí yóò máa mu lójoojúmọ́. A ti kọ ìbéèrè wa sẹ́yìn ìwé. Ọkọ mi ní òun kà á pé macrogol, oògùn mìíràn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, ni NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣáájú nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2010, kí ló dé tó fi jẹ́ lactulose ni ti wa? Wọn ò bínú. Wọ́n ní òtítọ́ ni, pé lactulose ló wà nílé oògùn káàkiri tí apá wa sì ká, pé bí kò bá ṣiṣẹ́ a óò wá ìkejì lọ. Mo ní gbogbo ẹbí ti ń sọ pé oògùn tó ń mú inú ṣí á sọ ìfun ọmọ di ọ̀lẹ. Wọ́n ní èyí kì í na ìfun lẹ́gba. Èyí tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ kò tó nǹkan, omi ló ń fà wá sínú ìgbẹ́ kó lè rọ̀. Mo ní ṣé ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́ nìkan kò tó? Wọ́n ní kí a máa fún un, kí a fi omi kún un, kí a dín mílíìkì kù, ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan kò lè tú èyí tó ti dì tó báyìí.

Wọ́n ní kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ póò ná títí ìgbẹ́ á fi rọ̀ dáadáa tí kò ní máa dùn ún mọ́. Lẹ́yìn náà, kó máa jókòó fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn oúnjẹ, torí bí oúnjẹ bá ti wọ ikùn, ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fìdí múlẹ̀, kí orúnkún ga ju ìdí lọ. Póò ilẹ̀ ti ṣe ìyẹn fún un. Tọ́lẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà ni kò ṣe é, ẹsẹ̀ ọmọ á máa fì lófuurufú, kò sì ní ríbi tẹ̀ gbin. Àpótí Màmá Àgbà la gbé síbẹ̀ fún un.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀ ni ìgbà tí ara rẹ̀ yá. Pátá mọ́, kọ́tìnì di kọ́tìnì, ó ń yàgbẹ́ lójoojúmọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, a sì fẹ́ dá síróòpù dúró. Owó rẹ̀ ń lọ sókè nígbàkigbà tí a bá dé ilé oògùn, ó sì wù wá pé kí ọmọ wa má máa mu oògùn lójoojúmọ́. A lọ bi dókítà pé kí ló dé tí a ò lè dáwọ́ dúró. Wọ́n ní ìfun tó ti fẹ̀ nílò oṣù mélòó kan kó tó padà sí bó ṣe wà, pé ẹni tó bá tètè dá a dúró, ìgbẹ́ líle kan ṣoṣo lè dá ẹ̀rù yẹn padà. Wọ́n ṣí ìlànà NICE yẹn lórí fóònù wọn, wọ́n fi hàn wá níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ọmọ tó ṣì ń kọ́ póò, kí ó máa bá oògùn náà lọ títí póò á fi mọ́ ọn lára dáadáa. A ò fẹ́ràn ìdáhùn náà. Ṣùgbọ́n a mọ ìdí rẹ̀, a sì ń fún un láìfo ọjọ́ kan. Èmi mọ ara mi: bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn ní "ẹ máa fún un" ni, mo ti lè dá a dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ti alẹ́ ò gba àsìkò wa púpọ̀. Ó ṣì ń tọ̀ọ́lé, àwọn ọmọ ilé kejì sì ti fẹ́ máa fi kọrin. A kìlọ̀ fún wọn. Dókítà ní kò sí ohun tí a ń tọ́jú níbẹ̀ kó tó kọjá ọdún márùn-ún, pé ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín sí ọkọ mi; wọ́n ní ọmọ àwọn yìí gan-an tọ̀ọ́lé títí ó fi wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi rí.

A gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà fún ilé ìwé jẹ́léósinmi. Àǹtí rẹ̀ kà á, ó sì gbà kí a gbé póò kékeré kan sí yàrá ẹ̀yìn, kó máa mú un lọ síbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ọdún tó ń bọ̀ ni yóò wọ Prámárì 1. Tọ́lẹ́ẹ̀tì ilé ìwé tí a fẹ́ fi í sí, mo ti lọ wò ó: ó ga, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò tì, omi kì í sì í sábà sí níbẹ̀. Ọmọ tó bá rí irú rẹ̀ á dá ìgbẹ́ dúró títí yóò fi délé. Ìbéèrè tó wà nínú ìwé wa fún ìgbà tí a bá tún rí dókítà ni pé ṣé kí a dín síróòpù kù kó tó wọlé, àbí kí a dúró di ìgbà tí ibẹ̀ bá ti mọ́ ọn lára. Ọkọ mi sì ń wá ọ̀gá àgbà ilé ìwé náà lọ lórí ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn.